Aládùúgbò mi ará Nepal kò ní ọ̀rọ̀ míràn ju méyọ̀ ìlú wọn lọ: ṣé agbára méyọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún?

Ìyá Ìbejì Plumstead
6 Oṣù Kẹrin 2024

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Plumstead ni mò ń gbé ní London. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa á mọ̀ pé àwa Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, àwọn ará Nepal náà sì pọ̀, nítorí àwọn ọmọ ogun Gurkha tó sin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì kó aya àtọmọ wá síbí. Bàbá kan nínú wọn ló ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí mo bá sun iṣẹ́ alẹ́, àwọn ló máa ń bá mi gbé ike pàǹtí jáde ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Èmi náà máa ń bu mọ́ínmọ́ín fún wọn, ata wa kò sì bà wọ́n lẹ́rù rárá.

Láti ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ méyọ̀ ìlú wọn ti gba ẹnu bàbá yìí. Dharan ni wọ́n ti wá, ní ìlà-oòrùn Nepal, níbi tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ti parí tí òkè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pè mí lórí ọgbà, wọ́n á na fóònù sí mi: "Wò ó! Wò ó!" Màá rí ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá òkè, tòun ti èrò rẹpẹtẹ, tí wọ́n ń wa kòtò tí páìpù omi máa gbà. Harka Sampang lorúkọ rẹ̀, òun gan-an ni méyọ̀ tí wọ́n yàn lọ́dún 2022. Bàbá ní ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò gbé e kalẹ̀, pé ọ̀pá ìtilẹ̀ ni àmì rẹ̀ lórí ìwé ìdìbò, pé kó tó dé ipò ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń gbá ìlú tó sì ń kó gọ́tà fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n fi nínú owó ìfẹ̀yìntì wọn ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi ra páìpù. Bàbá kò lè dìbò níbẹ̀ mọ́ o! Ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní báyìí, orílẹ̀-èdè wọn kò sì gbà kéèyàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ méjì.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mi ò mọ orúkọ alága káńsù kankan títí mo fi kúrò nílé, kò sì sẹ́ni tó ń retí ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Ṣé agbára méyọ̀ pọ̀ ní Nepal lóòótọ́, àbí ìfẹ́ ilé ló ń pa bàbá? Ta ló ń fún un lówó? Ta ló lè dá a dúró? Ẹni tó bá mọ̀ kó sọ fún mi, kí n lè máa dá bàbá lóhùn bí ẹni tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹnjiníà Olómi
6 Oṣù Kẹrin 2024

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ibi tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an lẹ fọwọ́ bà. Iṣẹ́ omi ni mo ṣe ní Nepal láti 2018 di ìparí 2022, omi tó ń ti orí òkè ṣàn wá sí abúlé láìlo ẹ̀rọ. Lalitpur ni mo háyà ilé sí. Odò Bagmati ló là á kúrò lára Kathmandu, olú ìlú wọn. Màá dáhùn bó ṣe wà lọ́kàn mi, kì í ṣe bí ẹ ṣe tò ó, ẹ má bínú.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí ayọ̀ bàbá, ẹ gbọ́ bí ìyà náà ṣe pẹ́ tó. Wọ́n dìbò ìbílẹ̀ lọ́dún 1997. Sáà àwọn tó wọlé parí lọ́dún 2002, ogun abẹ́lé àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Maoist ń jà lọ́wọ́, kò sí ìbò. Ogun parí lọ́dún 2006, ọba kúrò lórí oyè lọ́dún 2008, síbẹ̀ kò sí ìbò. Òṣìṣẹ́ tí ìjọba rán wá láti òkè ló ń buwọ́ lu gbogbo nǹkan. Ọdún 2017 ni ìbò tó padà dé. Ogún ọdún gbáko! Ìyá onílé mi sọ fún mi pé ọmọ tóun pọ̀n sẹ́yìn lọ dìbò lọ́dún 1997, òun àti ọmọ náà ni wọ́n jọ tò lórí ìlà lọ́dún 2017, tí kálukú mú ìwé ìdìbò tirẹ̀ lọ́wọ́.

Òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹsàn-án 2015 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ó pín ìjọba sí ìpele mẹ́ta: àpapọ̀, ìpínlẹ̀ méje, àti ìbílẹ̀ 753. (Tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 774. Ẹ wo bí iye ṣe sún mọ́ra, bẹ́ẹ̀ gbogbo èèyàn wọn kò tó ọgbọ̀n mílíọ̀nù.) Nínú 753 yẹn, mẹ́fà ni ìlú ńlá, mọ́kànlá tẹ̀ lé wọn, 276 jẹ́ ìlú kéékèèké, 460 jẹ́ ti ìgbèríko. Ìlú ní méyọ̀, ìgbèríko ní alága. Àfikún kẹjọ nínú ìwé òfin náà wá to iṣẹ́ 22 tó jẹ́ tiwọn nìkan: ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ìtọ́jú ìlera tó kéré jù, ọ̀nà àdúgbò, omi, ọjà, owó orí ilé àti ti ilé tí wọ́n fi háyà, ọlọ́pàá ìlú, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Inú òfin ìpìlẹ̀ ló wà, nítorí náà olórí ìpínlẹ̀ kan kò lè jí ní òwúrọ̀ kó ní òun ti gbà á padà. Owó láti ìjọba àpapọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà, kò kọ́kọ́ ya ilé ìpínlẹ̀. Òfin tún fi ọjọ́ kan dè wọ́n: ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù Asar wọn, ìyẹn ìparí oṣù Kẹfà wa. Bí ọjọ́ yẹn bá ṣe ń sún mọ́lé, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tún ọ̀nà òun ṣe á ti máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí wọ́ọ̀dù yìí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ará ìlú ti ń tẹ ilẹ̀. Lórí ìwé ìdìbò ìbílẹ̀, ipò méje ni olùdìbò kan máa ń tẹ òǹtẹ̀ fún: méyọ̀, igbákejì méyọ̀, alága wọ́ọ̀dù, àti ọmọ ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù mẹ́rin. Méjì nínú mẹ́rin yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin, ọ̀kan nínú obìnrin méjì náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Dalit. Dalit ni àwọn tí wọ́n ti ń pè ní aláìmọ́ láti ayébáyé, tí àwọn yòókù kì í gba omi lọ́wọ́ wọn. Ẹ wá ro ohun tí èmi tí mò ń ṣe omi rí: abúlé tí wọ́n ti ń lé obìnrin Dalit kúrò nídìí ẹ̀rọ omi, obìnrin Dalit kan wà lórí ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ibi tí ẹ̀rọ omi máa wà. Kò yọrí sí pé gbogbo rẹ̀ dára. Mo ti rí ìpàdé tí obìnrin náà jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Mo sì ti rí èyí tó dìde, tó ní, "Ẹ̀rọ yìí kò gbọdọ̀ kọjá ilé wa," tí ẹnu ya gbogbo ènìyàn.

Wọ́ọ̀dù kan náà ló ń kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní sifaris. Láìsí ìwé yẹn, ọmọ kò lè gba ìwé ọmọ onílùú, ilẹ̀ kò ṣeé pín, ìdílé kò lè fi hàn pé ẹbí kan ni wọ́n. Kí ìbò tó padà dé, ìyá onílé mi ní ìgbà mẹ́rin lòun lọ lórí ìwé kan ṣoṣo, tí akọ̀wé kò sí lórí ìjókòó. Ní ojú mi, lọ́dún 2019, ó jáde lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ó padà dé kí ìrẹsì ọ̀sán tó jinná, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alága wọ́ọ̀dù náà ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Níbo ló máa sá sí?

Ní ti méyọ̀, àwọn ará ìlú ló ń dìbò yàn án tààrà, fún ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì ní ibì kan kò lè du ipò náà níbẹ̀ mọ́. Chiri Babu Maharjan ni méyọ̀ wa ní Lalitpur, ó wọlé lọ́dún 2017 àti 2022. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni èmi máa fi rántí rẹ̀, torí kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn.

Ẹni tí ayé gbọ́ nípa rẹ̀ jù ni Balendra Shah ní Kathmandu, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Balen. Ẹnjiníà ilé ni, olórin ráàpù sì ni, kò sí ẹgbẹ́ lẹ́yìn òun náà, ọ̀pá ìtilẹ̀ kan náà ló gbé. Ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 2022 ni wọ́n dìbò. Kíka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé tíì ni a ń kó jọ sí lálaalẹ́ láti wo iye rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìbò 61,767 ló gbé e wọlé. Ohun tí àwọn ìwé ìròyìn òkèèrè kì í sọ ni pé igbákejì rẹ̀, Sunita Dangol, wọlé lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kan tí wọ́n ń pè ní UML pẹ̀lú ìbò 68,612, ó ju ti méyọ̀ fúnra rẹ̀ lọ! Àwọn ará ìlú mú ọ̀kan níbí, wọ́n mú èkejì lọ́hùn-ún, wọ́n ní kí wọ́n lọ jọ ṣiṣẹ́.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá tún rí bàbá, ẹ bi wọ́n nípa igbákejì.

Abala 217 òfin ìpìlẹ̀ wọn sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta, igbákejì méyọ̀ tàbí igbákejì alága ni yóò jẹ́ olórí rẹ̀. Ẹjọ́ ààlà oko, ojú omi, ẹran tó jẹ oko olóko, owó iṣẹ́ tí wọn kò san, owó ilé, ọmọ tó pa òbí rẹ̀ àgbà tì, gbogbo rẹ̀ ló ń dé iwájú wọn. Òfin ìdìbò ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2017 ló ní bí ẹgbẹ́ òṣèlú bá fa ènìyàn méjì kalẹ̀ fún ipò méyọ̀ àti igbákejì, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Ẹgbẹ́ fi ọkùnrin sí iwájú, wọ́n fi obìnrin sí igbákejì. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di báyìí nìyẹn: lọ́dún 2017, nínú 753, nǹkan bí 700 ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ló bọ́ sọ́wọ́ obìnrin. Kò sí ẹni tó jókòó pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo bá ọ̀kan pàdé. Ní ìgbèríko kan ní ìlà-oòrùn Kathmandu, a fẹ́ kọ́ táńkì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń jà lórí ojú omi tó ń lọ sí oko ìrẹsì wọn, a kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọdún mọ́kànlá ni ìjà náà. Ìyàwó wọn kì í kí ara wọn. Igbákejì alága ibẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún, olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́ ẹnu àwọn méjèèjì lórí àga oníke nínú ọ́fíìsì, lẹ́yìn náà ó wọ bàtà òjò, ó ní kí gbogbo wa máa bọ̀ lóko. Ó fi okùn wọn ojú omi náà fúnra rẹ̀. Ó pe ìyá àwọn méjèèjì jáde, ó bi í bí bàbá wọn ṣe ń pín omi nígbà ayé rẹ̀. Ìyá àgbà náà ní ọkọ òun máa ń ṣí i sí apá òsì láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, á tún ṣí i sí apá ọ̀tún di alẹ́. Igbákejì alága kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì tẹ ìka. Ó tán! Ilé ẹjọ́ tí wọn ì bá lọ, ìrìn ọjọ́ kan ni, owó agbẹjọ́rò sì ju iye ìrẹsì oko náà lọ. Nígbà tí a ṣí omi táńkì wa lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n ló gbé ìgbá, àbúrò ló bu omi sí i. Mo yíjú kí wọn má baà rí omi lójú mi.

Ìyá Ìbejì, ìyẹn ni mo ní sí ìbéèrè yín. Agbára wọn pọ̀ lóòótọ́. Ó sì ní ibi tó mọ. Ìjọba àpapọ̀ ló ń rán ọ̀gá àgbà òṣìṣẹ́ tó ń buwọ́ lu owó sí wọn, ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò sì tán. Ilé ẹjọ́ náà wà: nígbà tí Balen gbé katapílà lọ wá odò Tukucha tí wọ́n ti kọ́ ilé bò mọ́lẹ̀ láàárín Kathmandu, ilé ẹjọ́ ní kó dáwọ́ dúró.

Ọmọ Alágbàdo
7 Oṣù Kẹrin 2024

Ẹnjiníà, mo ka ọ̀rọ̀ yín títí dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ oko ìrẹsì yẹn sì wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n katapílà tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀, ẹ kò sọ gbogbo ibi tó dé.

Àgbàdo sísun ni ìyá mi fi rán mi nílé ìwé. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí àwọn tó wọ aṣọ ìjọba bá yọ ní ìkòríta: ìyá mi á gbé agbada gbígbóná sáré, màá gbé àpò èédú. Àpá wà lápá wọn di òní. Nítorí náà nígbà tí mo rí fídíò àwọn ọlọ́pàá ìlú Kathmandu tí wọ́n ń wọ́ ọmọlanke oníṣòwò ẹ̀gbẹ́ títì, tí èso ń dà sílẹ̀, tí obìnrin ń dì í mú, mi ò lè bá yín pàtẹ́wọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2022 náà, wọ́n gbé katapílà lọ bá àwọn tí kò ní ilẹ̀, tí wọ́n pa àgọ́ sétí odò Bagmati ní Thapathali. Òkúta ló fò níbẹ̀, ènìyàn fara pa. Ọlọ́pàá ìlú wà lára iṣẹ́ 22 tí ẹ kà. Ta ni alágbàdo máa fẹjọ́ sùn?

Ẹnjiníà Olómi
7 Oṣù Kẹrin 2024

Ọmọ Alágbàdo, ẹ ṣeun. Ẹ kí màmá fún mi, tọkàntọkàn.

Òótọ́ lẹ sọ. Mo wà níbẹ̀ nígbà náà. Lóṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án 2022, ibi ìgbọ́kọ̀sí lábẹ́ ilé ńlá tí àwọn olówó ti sọ di ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́kọ́ wó, gbogbo ìlú ń jó, èmi náà dunnú. Nígbà tó kan àwọn tó ń tà lórí ẹní, ìyá onílé mi dákẹ́. Ó ní, "Ẹni tó ní ilé gíga, ilé ló pàdánù. Èyí, oúnjẹ alẹ́ ni." Èmi kò rí ìdáhùn fún un nígbà náà, mi ò sì ní ìdáhùn fún yín lónìí.

Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Nínú ọ̀rọ̀ pàǹtí, ẹ̀yìn ìlú ni ìyà wà. Sisdol, ààtàn tí Kathmandu bẹ̀rẹ̀ sí í da ilẹ̀ sí lọ́dún 2005, ọdún méjì sí mẹ́ta ni wọ́n sọ pé àwọn máa lò ó. Ó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n fi lò ó. Àwọn ará ibẹ̀ kò dìbò fún méyọ̀ Kathmandu kankan rí, àwọn ni òórùn ìlú náà ń bá jí. Tí wọ́n bá dí ọ̀nà, pàǹtí á kún Kathmandu láàárín ọjọ́ díẹ̀, bó ṣe rí nìyẹn ní kété tí Balen gorí oyè. Méyọ̀ tí ìlú tirẹ̀ yàn, ìlú tirẹ̀ ló ń gbọ́ tirẹ̀. Àwọn tí kò ní ilé, tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé olùdìbò ibẹ̀, àti àwọn ará ìsàlẹ̀ ààtàn, òfin yẹn kò tíì rí ẹnu sọ̀rọ̀ fún wọn.

Lórí ọ̀rọ̀ obìnrin náà, mo ti yìn wọ́n jù. Lọ́dún 2022 àwọn ẹgbẹ́ para pọ̀, ẹgbẹ́ yìí fa méyọ̀ kalẹ̀, ẹgbẹ́ tọ̀hún fa igbákejì, òfin kò wá rí wọn mú mọ́. Àwọn obìnrin igbákejì dínkù. Ní ipò olórí gan-an, obìnrin 18 péré ló wọlé lọ́dún 2017, wọ́n di 25 lọ́dún 2022. Nínú 753 o.

Ìyá Ìbejì Plumstead
13 Oṣù Kẹrin 2024

Ẹ̀yin méjèèjì, mo dúpẹ́. Ọmọ Alágbàdo, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì.

Mo lọ bá bàbá lánàá. Mo kọ́kọ́ sọ sifaris, wọ́n sì yà sẹ́yìn wò mí, wọ́n ní ta ló kọ́ mi! Ẹ̀rín pa wá. Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ omi fi ká wọn lára tó báyìí, nígbà tó jẹ́ pé omi ń yọ nílé ìdáná wọn níbí. Wọn kò dáhùn kíákíá. Wọ́n ní odò Sardu làwọn ti ń pọn omi nígbà ọmọdé. Àbúrò wọn obìnrin ṣì wà ní Dharan, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Omi kì í yọ lójoojúmọ́ ní àdúgbò rẹ̀. Ó máa ń fi korobá sábẹ́ ẹ̀rọ kó tó sùn, kí ariwo omi lára korobá lè jí i bó bá yọ lóru. Bàbá ní bí àwọn bá pè é lórí fóònù lóru ibẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọ ni pé òun rò pé omi ni.

Mo fi ogún pọ́ùn kún owó páìpù wọn. Wọ́n kọ̀ ọ́. Mo gbé e sábẹ́ àwo mọ́ínmọ́ín, mo sì yára wọlé.

Ẹnjiníà, wọ́n ní kí n bi yín ní ìbéèrè kan: kí ni wọ́n máa ṣe tí páìpù kò fi ní bẹ́, bí omi bá ti orí òkè gíga bẹ́ẹ̀ já wálẹ̀?

Ẹnjiníà Olómi
13 Oṣù Kẹrin 2024

Ẹ sọ fún bàbá pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n kọ́ táńkì kéékèèké sójú ọ̀nà rẹ̀, kí omi máa dúró síbẹ̀ mí kó tó tún máa lọ. Àwa máa ń kọ́ ọ̀kan bí ilẹ̀ bá ti fi nǹkan bí ọgọ́ta mítà rẹlẹ̀ sí i. Páìpù oníke dúdú tí wọ́n ń pè ní HDPE dára fún orí òkè torí ó ṣeé tẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ dáadáa, oòrùn àti iná igbó ni ọ̀tá rẹ̀. Níbi tó bá ti gun òkè kó tó tún sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fi ibi tí afẹ́fẹ́ á gbà jáde sí i. Bí ọmọ bàbá bá lè fi àwòrán ọ̀nà tí páìpù gbà ránṣẹ́, ẹ fi sí mi, màá wò ó lálẹ́ ọjọ́ Àìkú.